Nọ́ńbà Tí Kì í Yí Padà

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè ni mo jókòó sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan ní Ìkòsí tó ń lẹ táyà mi, tọkọtìyàwó kan sì wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń dúró de tiwọn.

"Daddy, kí ló dé tí ẹ fi ń yí password fóònù yín padà lójoojúmọ́?" ni ìyàwó bi ọkọ ẹ̀.

"Ta ló yí i padà? Nọ́ńbà kan náà ni. Mọ́ńdè, 142857. Túsìdeè, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 285714. Wẹ́sìdeè, ìlọ́po mẹ́ta: 428571. Wò ó dáadáa, àwọn mẹ́fà yẹn náà ni. Àwọn tó wà níwájú ló kàn lọ sẹ́yìn. Mi ò yí wọn padà, mo kàn ní kí wọ́n sún díẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ: kí wọ́n sún díẹ̀.

"Òní Sọ́ńdè ńkọ́?" ni ìyàwó bi í. "Ìlọ́po méje?"

Mo yáa ṣírò ẹ̀ lórí fóònù mi: 999999.

"Ìka yín ni mo ń wò láti Mọ́ńdè. Ó máa ń sáré káàkiri bí eku. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ojú kan ló dúró sí. Nígbà tí pásítọ̀ ní ká dijú, èmi ò dijú, fóònù yín ni mo ṣí."

Ọkọ fọwọ́ kan àpò ẹ̀.

"Ọ̀gá Oníbúlọ́ọ̀kù tí ẹ kọ síbẹ̀, tó ń pè yín ní Baby, a ti sọ̀rọ̀. Mi ò bá a jà, Daddy. Mo kàn ní kó sún díẹ̀ ni."