Báyọ̀ Rò Pé Mo Wá Ràn Wọ́n Lọ́wọ́ Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ń sọ fún wọn pé irọ́ kò dára. Ó lé ní ọdún kan tí èmi fúnra mi ti ń gbé irọ́ kan kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ọmọbìnrin mi ní kí n wá máa bá òun gbé ní Etobicoke, nílẹ̀ òyìnbó níbí, kí n máa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, kí n sì máa mú un bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Tí ó bá ti lọ sí ṣíìfù, èmi nìkan ló ń kù sílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu jíìnì díẹ̀díẹ̀ nínú ife tíì. Ẹ jẹ́ kí n tún gbólóhùn yẹn ṣe: kì í ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo mu ún, mo sì sùn lọ. Ọmọ-ọmọ mi dúró nínú yìnyín títí olùkọ́ rẹ̀ fi pe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú mi sùn. Òun ló tún ń bẹ̀ mí, pé kí n má bínú, òun ti ń lò mí jù.

Ìtìjú yẹn ló gbé mi dé yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan, níbi tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti ń pàdé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ara ògiri ilé ìkàwé ni mo ti rí ìwé wọn. Wọ́n to àga yípo. Kálukú á sọ orúkọ rẹ̀, á sì sọ pé ọtí ti borí òun. Mo ti kọ́ tèmi sórí nínú bọ́ọ̀sì.

Kí ó tó kàn mí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ó rí fìlà mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin òyìnbó tó ń darí ìpàdé sáré dìde láti gbé e, ó rò pé ó ṣubú ni. Awakọ̀ akẹ́rù ní Woodbridge ni ọmọ náà. N ó pè é ní Báyọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Inú mi dùn o. Àgbà tiwa náà ti wá ràn wá lọ́wọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kò gbèrò irọ́ wá láti ilé. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ fún ẹni tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Dìde." Nígbà tó kàn mí, mo ní mo wá jókòó tì wọ́n ni.

Bí mo ṣe di olùrànlọ́wọ́ nìyẹn. Mo ń to àga, mo ń se tíì, mo ń gbọ́ tiwọn. Tí mo bá délé, mo ń mu.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Báyọ̀ pè mí. Ó ní, "Bàbá, iwájú ṣọ́ọ̀bù ọtí ni mo wà yìí. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀, ẹ má dákẹ́." Mo bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ife mi wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tó dúpẹ́ tán, mo mu ún tán.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìyàwó Báyọ̀ ti gbé ọmọ wọn lọ sí Newmarket nítorí ọtí. Báyọ̀ kò ní ẹbí níbí, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ bíi bàbá. Mo lọ, mo sì dúró fún un. Obìnrin náà wò mí pẹ́. Ó ní, "Dádì, gbogbo àwọn tó ti wá bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n jọ ń mu ni. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í mu. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà, kì í ṣe tiẹ̀." Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi. Mo mu omi náà, n kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, mo da ìyókù ìgò náà sínú síǹkì. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì nìyí, n kò tíì fẹnu kàn án. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ á dìde sọ ọ́, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó lọ́jọ́ tèmi, mo ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí Báyọ̀ ti jáwọ́. Ó ní ọwọ́ mi ni òun ó ti gba àmì idẹ tí a máa ń fún ẹni tó bá pé ọdún, níṣojú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Tí mo bá sọ òtítọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé obìnrin náà á tún di ẹrù rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, irọ́ ni n ó fà lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá: Báyọ̀, ìyàwó rẹ̀, tàbí ọmọ mi tó bẹ̀ mí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi? Ẹ má ṣe ní kí n dákẹ́. Ìyẹn ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí.

Ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.