Orúnkún Callan Tí Mo Tà

Mi ò lè gbé e mì mọ́. Láti ọjọ́ Sátidé tí Callan ọmọ àbúrò mi ti dìde níwájú gbogbo yín, tó ní èmi ni mo fún òun nígboyà, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá fẹ́ bú mi lẹ́yìn rẹ̀ kó bú mi, ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sílẹ̀ kó tutọ́. Èmi Verna Trewin tí ẹ ń kí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń mú ọmọ yín wá bá nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá rọ́, èmi ni mo ba iṣẹ́ Callan jẹ́. Ẹ má pè é ní àṣìṣe fún mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ní agbègbè Wimmera wa níbí, ní Australia, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹsàn-án, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá tí a sì ń fọwọ́ mú, la fi ń mí. Ẹni tí eegun rẹ̀ kò lè sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀lù mọ́ á máa ṣe fáńtásì lórí fóònù. Owó tí kì í ṣe owó gidi ni wọ́n á fún kálukú, a ó fi ra ọgbọ̀n agbábọ́ọ̀lù láti inú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Bí wọ́n bá ṣe gbá a sí lórí pápá la ó ṣe rí póìǹtì, iye tí wọ́n ń tà wọ́n á sì máa gòkè tàbí kó máa wálẹ̀. Àwa mẹ́wàá la jọ ń ṣe tiwa. Ẹni tó bá gbégbá orókè á gba ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn, á gbé e kọ́ sára ògiri fún odindi ọdún kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nítorí ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe.

Des Hocking, aládùúgbò mi tó ń sin àgùntàn, ti gbà á léraléra. Iwájú ilé ló máa ń gbé e kọ́ sí, níbi tí ojú mi ò ti ní yẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń kọjá, á ní, "Verna, ṣé o wá kí ìtẹ́ mi ni? Jókòó jẹ́jẹ́ ẹ, kó o máa fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ fáwọn ọmọ. Fáńtásì ò fẹ́ aláàánú!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi á máa hó. Èmi tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí i dáadáa, mi ò gbà á rí.

Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé àwọn agbedeméjì, àwọn tí owó wọn kò kéré tí kò sì pọ̀, ló ń pa èèyàn. Ọmọ tuntun tó rẹlẹ̀ lówó, bó bá kùnà, kò dun ni. Àgbà ọ̀jẹ̀ tó wọ́n bí ojú, o ti mọ ohun tí wàá rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò ṣeé fọkàn tán. Bó bá gbéra, ó di ọlá fún ẹ, bó bá sì ṣubú, o ti fi owó gọbọi ra wàhálà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Callan ọmọ Joylene àbúrò mi ni agbedeméjì tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ní Melbourne, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti dá a dúró sílé lọ́dún tó ṣáájú, ni iye rẹ̀ fi já wálẹ̀.

Des ní, "Ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù o, ṣùgbọ́n ara gíláàsì ló ní. Mi ò rà á."

Mo ní, "Bí mi ò bá ra ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀, ta ni kí n rà?"

Ẹnu lásán ni. Mo ti wọn ọmọ náà wò bí Des ṣe ń wọn àgbò kó tó gbé e lọ sọ́jà. Mo pè é, mo ní mò ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, èjìká rẹ̀ ni mò ń béèrè. Mo bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìrora ń jí i ni. Ọmọ náà ní, "Kò sẹ́ni tó ń ṣìkẹ́ mi tó yín, Àǹtí." Ìgbà tí mo rí i pé èjìká ti san ni mo rà á.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, iná ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu Des wọlé. Ṣùgbọ́n nínú fáńtásì wa, iye agbábọ́ọ̀lù kì í yí padà àfi tó bá gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yẹn ló máa gbé Callan fò sókè, màá wá tà á, màá fi owó rẹ̀ ra àgbà ọ̀jẹ̀ kan tí á bá mi dé òpin ọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi rà á. Mi ò rà á láti tọ́jú rẹ̀ rárá.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni fóònù mi dún.

"Àǹtí Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́ọ̀mì o. Orúnkún mi ọ̀tún ń dún. Tí mo bá yí lójijì, ó ń ṣe bíi pé ó fẹ́ yọ lábẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ fún dókítà wa lọ́la."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fara pa nínú ẹgbẹ́ ìlú wa. Ọwọ́ mi yìí mọ orúnkún. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé orúnkún òun ń dún, ó sì ń yọ̀, màá pariwo lé e lórí pé kó jókòó síbi tó wà, kó má tiẹ̀ sáré dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ fún tèmi.

Mo ní, "Ṣé ó wú?"

Ó ní, "Díẹ̀ báyìí."

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, ọmọ mi. Látìgbà tí èjìká ti dá ẹ lóró, gbogbo nǹkan ló ń jọ ìfarapa lójú ẹ. Tó o bá lọ sọ fún wọn lọ́la, wọ́n á yọ ẹ́, ẹlòmíì á gba àyè ẹ, ó parí. Dè é kó le, gbá ti Sátidé yìí. Tó bá dọjọ́ Ajé, kó o wá lọ rí dókítà."

Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Àǹtí?"

"Mo ti parọ́ fún ẹ rí?"

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé? Nítorí ọjọ́ Àìkú ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ máa ń parí, lẹ́yìn rẹ̀ ni iye wọn ń yí. Áà, ẹ gbà mí! Ìgbà tí ọjà ọmọ yóò yá ni mo fi yan ìgbà tí ọmọ yóò rí dókítà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ní Sátidé, pálọ̀ Des la kóra jọ sí. Joylene mú sọ́séèjì àti búrẹ́dì wá, ó wọ fìlà ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀. Callan gbá bọ́ọ̀lù débi tí Des fi ń ké, "Mo kú o, obìnrin yìí ti pa mí!" Nígbà tí eré ti kọjá ìdajì, Callan fò sókè, ó mú bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run, ó balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ yí, ara kò yí. A gbọ́ igbe rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwo já lọ́wọ́ Joylene, ó ní, "Jésù, ọmọ mi!" Des tó jẹ́ alátakò, ó fọwọ́ lérí, ó ń sọ pé rárá, rárá.

Èmi ńkọ́? Mo ṣírò póìǹtì tó ti kó jọ kó tó ṣubú. Ó ti tó. Iye rẹ̀ á gòkè. Inú mi dùn! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọmọ ń yí nílẹ̀, inú mi dùn. Mo ní kí n lọ bu omi fún Joylene. Nílé ìdáná, mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo yọ fóònù, mo ń wo ibi tí iye rẹ̀ yóò dé. Ife kún, omi ń ṣàn lé mi lọ́wọ́, àbúrò mi ń sunkún ní pálọ̀, mi ò tíì wò ó tán.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ní ilé ìwòsàn ní Melbourne, wọ́n ti Callan wọlé lọ ya àwòrán orúnkún. Èmi àti Joylene jókòó sí ìta, orí rẹ̀ wà léjìká mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ta ọmọ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kúrò lórí fóònù, mo tẹ àgbà ọ̀jẹ̀ wọlé. Joylene gbójú sókè.

"Ta lẹ̀ ń kọ̀wé sí, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣé."

Mo gbégbá orókè lọ́dún yẹn. Callan gan-an pè mí, pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, ó ní, "Ó kéré tán, mo wúlò fún yín, Àǹtí." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú àtipadà sórí pápá, orúnkún kọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tó wá dágbére fún bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngán wa, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Lọ́sẹ̀ tí mo fara pa, ẹ̀rù bà mí. Àǹtí Verna nìkan ló ní kí n lọ gbá a. Mi ò kábàámọ̀, torí òun ló gbà mí gbọ́." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Joylene fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn mẹ́ta sílé mi, Callan, Joylene àti Des. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Des kò lè wò mí lójú. Joylene ní, "Àdúrà. O ní àdúrà ni." Callan wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Eélòó ni mo fi gòkè?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta dọ́là." Ọdún mẹ́ta o! Mi ò rántí orúkọ dókítà tó tọ́jú rẹ̀, mi ò rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lẹ́nu mi gbọnrangandan. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Callan mi orí. Ó dìde, ó di irin àtẹ̀gùn mi mú sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dé ìsàlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ó dàbọ̀, Verna." Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò fi orúkọ lásán pè mí rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe fáńtásì yín, ẹ ra ẹni tó bá wù yín, ẹ tà á nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ni tó fọkàn tán yín bá pè yín pé ó ń dun òun, ẹ gbé fáńtásì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Ìwọ Callan, mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Máa pè mí ní Verna títí tí màá fi kú, bó bá ṣe wù ẹ́ nìyẹn. Ṣáà máa pè mí.