Igun Alájì Nìkan Ló Rọ̀

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá yín gbé, ẹ̀yin jamáà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa pé, ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ òní kan tiyín náà. Ẹ̀tọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni a fẹ́ sọ. Ọlọ́run Ọba dárúkọ rẹ̀ nínú Súrátù Nísáì: wasáhibi bil-janbi, ẹni tí ìhà rẹ̀ kan ìhà rẹ. Àwọn àáfà ńlá kan tilẹ̀ sọ pé aya ẹni ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò ṣe àmín? Ó dáa. Ìtàn tí yóò mú yín ṣe é ń bọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Alájì Búsàrí, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì. Ẹ má rò pé ahun ni o. Òun ló ra ẹní sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, òun ló gbẹ́ kànga tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ, tọmọdé tàgbà a máa ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn fún yín. Àdúrà yẹn dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí wọ́n kọ áyà, ẹsẹ Àlùkùránì, tó bá a mu sẹ́yìn jíìpù òun: Yurídù-Lláhù bikumul yusrá. Ọlọ́run ń fẹ́ ìrọ̀rùn fún yín. Bó bá ti kà á, a rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé wọ́n kí i ni.

Ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo ń jẹ́ Sìfáwù. Sìfáwù ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀. Kò tíì rọ lẹ́sẹ̀ o. Ó ń rìn, ó ń kírun, ó ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dókítà tí wọ́n ń lọ rí n'Íbàdàn kìlọ̀ fún Alájì gbangba pé egungun yẹn kò gbọdọ̀ máa mì jìgìjìgì. Ó ní bó bá ń mì bẹ́ẹ̀, yóò tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀, ìyá náà lè má dìde mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọn ò sọ fún un.

Ẹ sì mọ ọ̀nà tiwa, gálọ́ọ̀pù lórí gálọ́ọ̀pù. Ọmọ wọn obìnrin, Múníràtù, tó wà ní Jámánì, gbọ́ nípa ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ló bá ra ṣọ́kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin tó ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra, fún ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tó bá ọkọ̀ wá. Orí kékeré kan wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ṣeé fọwọ́ yí. Bó o bá yí i sápá kan, ọkọ̀ a le. Bó o bá yí i sápá kejì, ọkọ̀ a rọ̀. Ó fi í ránṣẹ́, ó wá pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Bàbá mi, mo rà á kí ara lè tù yín lójú ọ̀nà."

Kí ara lè tù yín. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Bàbá ni. Ta ni ó ra ọjà náà fún? Ẹ dúró ná, ẹ má tíì dáhùn.

Mẹkáníìkì dè é tán, ó fi gbogbo rẹ̀ sí agbedeméjì. Ó ní kí Alájì máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ara ìyá mu, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣe sí ọ̀tún ni kó ṣe sí òsì, torí bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa fì sápá kan. Ẹ̀yìn ni tọkọtaya máa ń jókòó, Lásísì dẹ́rẹ́bà a wà níwájú. Alájì a wà lọ́tùn-ún, níbi tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní ọ́nàs kọ́nà, igun ọlọ́kọ̀. Sìfáwù a wà lósì.

Ìrìn àkọ́kọ́ dára, ara tu àwọn méjèèjì. Alájì wá rò ó pé ó lè dára ju báyìí lọ. Wọ́n délé, ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó yí ti ọ̀tún kó rọ̀ sí i. Kí ló dé tí kò fọwọ́ kan ti òsì? Wallahi, kò ro ibi sí ìyàwó rẹ̀. Kò rántí pé ẹnì kan ń jókòó síbẹ̀ ni, èyí sì dùn mí ju pé ó ro ibi lọ. Ó tún yí i lẹ́yìn ìrìn mìíràn, ó yí i títí tí kò fi yí mọ́. Igun Alájì wá rọ̀ bíi tìmùtìmù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mẹkáníìkì wí ṣẹ. Bí Lásísì bá ti yà kọ́nà, ọkọ̀ a fì sọ́tùn-ún bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ẹ̀rù ba Alájì. Bó bá ṣe ìwọ ni, kí lo máa ṣe? O ò ní dá tìrẹ padà díẹ̀? Alájì kò dá a padà. Ó lọ sí ti òsì, igun ìyàwó rẹ̀, ó yí i kó le, ó yí i títí tí kò fi lè le sí i mọ́, kí apá ibẹ̀ lè máa gbé ọkọ̀ dúró.

Ẹ gbọ́ mi ṣá? Líle igun obìnrin yìí ni Alájì fi ń gbé rírọ̀ tirẹ̀ ró. Subuhanallahi. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ara mi bù máṣọ.

Bí ọkọ̀ bá wá kó sí kòtò, Alájì a bi í bóyá ó rí bí ọjà Múníràtù ṣe dára tó. Sìfáwù a fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, a ní Alihamudulilahi. Ó ń sọ fún dókítà pé ìrora ń le sí i, dókítà ń pààrọ̀ oògùn. Nígbà tó yá, kò lè forí kanlẹ̀ mọ́, àga ló fi ń kírun. Alájì ń ṣàánú rẹ̀ o. Ó ń ra èso fún un, ó ń ṣe sàárà lórí rẹ̀, ó ń ní kí àwọn àáfà máa ṣe àdúà. Gbogbo àdúà yẹn, ohun tó ń bá obìnrin jà wà nínú búùtù tirẹ̀.

Àfìgbà tí Múníràtù wálé fún Iléyá. Ó ní òun á bá wọn lọ sí Ìbàdàn. Inú Alájì dùn, ó bọ́ síwájú, ó yọ̀ǹda igun tirẹ̀ fún ọmọ. Múníràtù ń jẹ̀gbádùn, ó ń yin ọjà tó rà. Wọ́n dúró lọ́nà láti kí ìrun ọ̀sán. Bí wọ́n ti ń padà sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ọ̀tún ló sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ti rẹ ìyá náà. Ọmọ ní kí ìyá kúkú wọlé síbẹ̀, òun bọ́ sósì. Ọkọ̀ gbéra. Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí wọ́n bọ́ sí, eyín òkè gbá eyín ìsàlẹ̀ lẹ́nu Múníràtù. Ó ní kí Lásísì dúró.

Ó kọ́kọ́ rò pé ṣọ́kì ti bàjẹ́ ni. Ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ti ọ̀tún: wọ́n ti dẹ̀ ẹ́ dópin. Ó fọwọ́ kan ti òsì: wọ́n ti mú un le dópin. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ta ló yí i. Alájì ní òun ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe ń fì àti ohun tó ṣe sí i. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni etí tirẹ̀ náà wá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ni ohùn rẹ̀ bá wọlẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí ara lè tù mí," ló wí.

"Yín ni mo sọ, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá wí."

Sìfáwù kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó lọ́tùn-ún níbẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ìjókòó wò, ó ní, "Ibí yìí mà rọ̀ o. Mo ti rò pé ẹ̀yìn mi ló ń burú sí i ni."

Kò bú ọkọ rẹ̀, kò sunkún. Alájì Búsàrí, alágbádá, wá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀bá títì jókòó sí.

Wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n ya egungun ní fọ́tò, iṣan ti tẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, Sìfáwù kò lè dìde mọ́. Dókítà ní òun ò lè búra pé ọ̀nà ló fà á, pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ì bá ṣe rí. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún Alájì, kí ẹ wò ó bóyá á gbà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ó dẹ pàkúté fún ọkùnrin yìí. Bí ènìyàn bá pọ̀, a ní ‘yín’. Bó jẹ́ ẹnì kan tó jù wá lọ, a tún ní ‘yín’. Wọ́n ti fi ‘yín’ kí Alájì pẹ́ títí, ó wá rò pé Ọlọ́run náà ń bọ̀wọ̀ fún òun ni. Ṣé Ọlọ́run ń bọ̀wọ̀ fún Alájì ni? Bikumu ló wà nínú áyà yẹn. Bó bá ṣe fún ọkùnrin kan ṣoṣo ni, bika ni ì bá jẹ́. Bikumu: ìwọ àti ẹni tí ìhà rẹ̀ kan ìhà rẹ. Ìrọ̀rùn tó bá ti fi ẹnì kan sílẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má pe Ọlọ́run sí i.

Ẹ délé, kí ẹ wo òsì yín. Ta ni fáànù kọjú sí? Ta ló ń sùn sápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì ti jìn kòtò? Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Títí di òní, ẹ̀yìn ni Alájì fi ń pọn Sìfáwù lọ sídìí kànga tó gbẹ́ yẹn láti ṣe àlùwàlá. Àwọn èrò ṣì ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, pé Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn fún yín. A dúró, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, òógùn á máa já bọ́ lójú rẹ̀, a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé fún ẹ̀yin méjèèjì." Bí wọn ò bá tíì sọ ọ́, kì í gbẹ́sẹ̀.

Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Ọlọ́run Ọba, la ojú wa kí á rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó tó pẹ́ jù. Ìrọ̀rùn tí yóò di ìnira fún ẹlòmíràn, má fi tọrẹ fún wa. Fún Sìfáwù ní ẹsẹ̀ tó sàn ju ti ayé yìí lọ ní àlùjánnà. Ṣe é ní ìrọ̀rùn fún wa, gbogbo wa pátá, ọ̀tún wa àti òsì wa. Àmín.