Ọmọrí Ìkòkò ní Laurel

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ń fọ́ eegun ẹran láìwojú ẹnikẹ́ni… Tólú, ṣé fóònù yẹn ń gbọ́ mi? Ó dáa. O ní tíṣà yín ní kí ẹ bi àgbàlagbà kan, kí ló ń gba obìnrin sílẹ̀ láyé àtijọ́ tí ọkọ bá ń lù ú. Ìbéèrè ńlá ni. Ìdáhùn ẹ̀ ò tóbi. Ọmọrí ìkòkò ni.

Má rẹ́rìn-ín. Gbọ́.

Ní agbo ilé wa n'Íbàdàn, tí ọkùnrin bá lu ìyàwó ẹ̀, gbogbo àwa obìnrin ilé á mú ọmọrí ìkòkò, ọmọrí irin tó nípọn, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń lò báyìí. A ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, a ó máa lu ọmọrí, gbàn, gbàn, gbàn. A ò ní bú u. A ò ní fọwọ́ kàn án. A ò kàn ní jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ń rò ni. Oúnjẹ ńkọ́? Ta ló fẹ́ sè é, nígbà tí ọmọrí wà lọ́wọ́ gbogbo wa? Mo rántí Bàbá Làmídì, géńdé ọkùnrin, kò lò tó wákàtí kan. Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi." Ìyá àgbà kan dá a lóhùn pé, "Ti ìyàwó ẹ ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ o. Ìyá ọkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ọmọrí tiẹ̀. Ìyá tó bí ọkùnrin yẹn gan-an. Tí kò bá tíì lu tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu tiẹ̀. Wọ́n ní kó má baà dìjà ilé. Òfin tó dáa ni, tí ìyá ọkọ bá dáa. Tí kò bá wá dáa ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́… Yàrá èmi àti ẹ̀ kọjú síra. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé àwa méjèèjì níyàwó wọlé. Ọkọ ẹ̀ a máa lù ú torí ọbẹ̀, a tún máa lù ú torí pé kò rí ohun tó máa torí ẹ̀ lù ú. A ó mú ọmọrí, a ó jáde, a ó dúró. Ìyá ọkọ ẹ̀ á jókòó sórí àpótí, á máa ṣa ẹ̀wà. Á ní, "Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Òwe ló fi ń tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àbẹ̀kẹ́ ké sí wa, ẹ̀ẹ̀mẹta la jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta la padà sí yàrá wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹrù rù, ó ní òun ń lọ sọ́jà. A ò rí i mọ́ títí dòní. Ọmọrí wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn o, Tólú. Èmi náà wà níbẹ̀.

Jẹ́ n mumi díẹ̀.

Ó dáa. Ṣó o mọ Màmá Súníl, ìyá ará Íńdíà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ní Laurel l'Amẹ́ríkà yìí? Àwa méjèèjì la jọ ń rìn yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká láràárọ̀, nígbà tí ìyá ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ti sùn. Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò tó, tiẹ̀ náà ò tó, ṣùgbọ́n tá a bá pa méjèèjì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Èmi á ní, orúnkún. Òun náà á di tiẹ̀ mú. Bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ ọmọrí fún un lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní ní abúlé tàwọn, àwo irin tí wọ́n fi ń jẹun làwọn obìnrin ń lù. Ó ní òfin ti wà ní Íńdíà báyìí, nọ́ńbà wà tí obìnrin lè pè, ọlọ́pàá obìnrin wà, ilé wà tó lè sá sí. Mo ní, ta ló ń di fóònù mú nínú ilé? Ó ní, ìyá ọkọ ni. Ṣó o rí i? Ayé kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Mo mọ ìdí tí mo fi bi í. Ògiri ilé yìí, páálí lásán ni. Mo ń gbọ́ bí Súníl ṣe ń lu Mínà, ìyàwó ẹ̀ tó máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí mi yẹn. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ jáde fún Màmá Súníl, mo ní, mò ń gbọ́ o. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ọmọ òun. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò bá mi rìn mọ́. Mo wá bi Mínà fúnra ẹ̀ níbi tá a ti ń fọṣọ, pé ṣé kí n pe ọlọ́pàá? Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Ó ní rárá, Súníl ti sọ fóun pé tóun bá fi lanu pẹ́nrẹ́n, wọ́n máa dá òun padà sí Íńdíà, torí orúkọ tiẹ̀ ni ìwé ìgbélùú òun rọ̀ mọ́.

Ó di Sátidé, ọ̀sán gangan. Mo gbọ́ ìró àbàrá, mo gbọ́ igbe. Mo mú ọmọrí ìkòkò ìrẹsì ńlá ìyá ẹ, mo mú ṣíbí, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo gbé ṣíbí sókè… mi ò lè lù ú. Ṣó o rí àgbà òṣì? Ó lé láàádọ́ta ọdún, mo ti la òkun kọjá, mo ṣì ń dúró de ìyá ọkọ! Ojú Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń rí.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Màmá Súníl ló jáde, àwo irin lọ́wọ́ kan, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ kejì, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó wò mí. Ó kọjú sí ilé ara ẹ̀, ó lu àwo. Gbàn! Èmi náà gbà á. Gbàn! Ajá gbogbo àdúgbò gbà á. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ìyá tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Súníl jáde, ó ní kí ìyá òun dákẹ́. Ìyá ẹ̀ lu àwo sí i. Ó yíjú sí mi, èmi náà lu ọmọrí sí i. Orí ti ń fọ́ ọ, mo rí i lójú ẹ̀, Bàbá Làmídì gan-an ni. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Fóònù ló mú, ó pe ọlọ́pàá. Fúnra ẹ̀ o! Ó ní àwọn ìyá arúgbó méjì ò jẹ́ kóun gbádùn.

Wọ́n dé, obìnrin kan, èèyàn dúdú, ó ga, àti ọkùnrin kan. Súníl ń nàka sí wa. Obìnrin yẹn bi mí pé kí ló dé. Mo kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní láyé jọ. Mo ní, "Ó lu ìyàwó. Àwa lu ìkòkò."

Ó wo Màmá Súníl. Ìyẹn ní, "Ọmọ mi ni. Òótọ́ ni."

Obìnrin yẹn wọlé lọ bá Mínà, ó tilẹ̀kùn. Ètè ọmọ ọlọ́mọ ti wú. Súníl tó pe ọlọ́pàá, òun lọlọ́pàá mú lọ. Mi ò rírú ẹ̀ rí, kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́ni tó máa wá mú un.

Wọ́n fi ìwé kan sílẹ̀ fún Mínà, nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Ìyá ẹ tí ariwo wa ti jí ló bá a pè é. Ẹni tó gbé e ń sọ èdè tiwọn. Ó ní Súníl ń dẹ́rù bà á lásán ni, òfin wà fún irú ẹ̀, obìnrin tí ọkọ ń lù lè béèrè ìwé tiẹ̀ láìgba àṣẹ ọkọ. Wọ́n wá lọ́yà fún un, ọ̀fẹ́. Adájọ́ kọ̀wé pé kí Súníl kúrò nínú ilé, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn fún ọdún kan, kó sì máa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń lu ìyàwó níwà. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ìlú Brandywine lọ́hùn-ún ló wà báyìí. Ta ló wá kù nínú ilé? Mínà àti ìyá ọkọ! Mínà ń kọ́ mọ́tò, ìyá ọkọ jókòó sẹ́yìn, ó ń dá tíṣà mọ́tò lẹ́kọ̀ọ́.

Ó ń sunkún ọmọ ẹ̀ o, n ò ní parọ́. Tá a bá ń rìn, á kàn dúró, mo sì mọ ibi tí ọkàn ẹ̀ lọ. Èmi náà á di apá ẹ̀ mú.

Ọmọrí yẹn ò padà sí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Orí fíríìjì ló wà, mo sì ti lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ inú ẹ̀. Àbí èmi náà kọ́ ni ìyá ọkọ ìyá ẹ? Bàbá ẹ ò lu ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ mumi, ó máa ń kọ́kọ́ wo òkè fíríìjì.

Nítorí náà kọ ọ́ fún tíṣà yín pé ìwé adájọ́ kì í dún gbàn, ṣùgbọ́n kì í dúró de ìyá ẹnikẹ́ni. Tó o bá lọ́kọ lọ́la, tó gbọ́wọ́ sókè, pe nọ́ńbà yẹn. Má wojú ìyá ẹ̀. Má wojú tèmi náà. Àbẹ̀kẹ́ ò ní nọ́ńbà kankan láyé ìgbà yẹn. Àwa ni nọ́ńbà tó ní… Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè wá.