Pátákó Tí Ẹ Gbé Kọ́ Hàbíbátù Lọ́rùn

Rárá o, Ọ̀gá Julius, bí ẹ̀yin tiẹ̀ ni ọ̀gá iléèwé yìí, mi ò ní jókòó! Ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹ gbé pátákó kọ́ lọ́rùn, tẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé ará oko ni, tẹ́ ẹ ní kó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì nígbà táwọn òbí ń wá mú ọmọ wọn, nítorí pé ó sọ Yorùbá! Yorùbá, ní Ìkòtún! Wallahi, ó dùn mí dé egungun.

Ta ló ní kó sọ ọ́? Èmi tíṣà rẹ̀ ni! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn, "break down", fi da àwọn ọmọ kíláàsì mi láàmú, wọ́n á há a sórí bí odídẹ, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Hàbíbátù dìde, ó ní tí ọkọ̀ bá "break down" lọ́nà Ìjẹ̀gùn, ó dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn. Tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá "break down", ó bú sẹ́kún nìyẹn. Tọ́lọ́pàá bá "break down" ilẹ̀kùn, ó já a wọlé ni. Ó wá fi òyìnbó ṣe àpẹẹrẹ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣi ọ̀kan sọ! Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin náà sì já wọlé bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Kí lẹ wí? Òfin iléèwé? Ṣé òyìnbó lẹ fi bú ẹni tó wá tún jẹnẹrétọ̀ yín ṣe láàárọ̀ yìí? Ta ló gbé pátákó kọ́ ẹ̀yin lọ́rùn? Ẹ má wojú fèrèsé jàre, èmi lẹ máa wò!

Ọmọ náà ò tiẹ̀ sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo délé wọn lálẹ́ àná, ó ní òun ò wá síléèwé mọ́, kí wọ́n mú òun lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì. Ìdánwò sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ìyá ẹ̀ dì mí lápá mú, ó ní, "Tíṣà, kí lọmọ mi jí?" Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ má ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín, ilé wọn ò ju ẹ̀yìn ọjà lọ. Ẹ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Hàbíbátù níwájú ìyá ẹ̀, ní Yorùbá tó já gaara, torí obìnrin yẹn ò gbọ́ òyìnbó, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo ohun tó bá jáde lẹ́nu yín!