A Ní Kí Ó Dúró, Ọlọ́run Ní Kí Ó Jókòó

Ẹ bá mi kí Baba ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará! Praise the Lord! Ẹ pariwo ẹ̀ jàre, ẹ má ṣe bí ẹni tí ò tíì jẹun.

Ẹ ò gbàgbé Títílayọ̀, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, mo sáré wá síbí. Mo ní ayé ló ń lé e. Iṣẹ́ tí mo ti ìdí àga rọ́bà tí mò ń tà l'Abúlé Ẹ̀gbá rán an lọ kọ́! Ẹ bá mi gbàdúrà: "Títílayọ̀ yóò dúró!" Àmín yín fẹ́ẹ̀ ṣí páànù ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́jà. Wọ́ọ̀dù ọmọ mi gan-an ni wọ́n gbé mi lọ. Há! Òun nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti jápa. Bẹ́ẹ̀dì ibí, "Nọ́ọ̀sì!" Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, "Nọ́ọ̀sì!" Dókítà ò dé, òun ni wọ́n ń bú. Ọkùnrin kan ní, "Ṣé adití ni ẹ́ ni?" Ọmọ mi ní, "Ẹ má bínú, sà." Ọpẹ́lọpẹ́ omi tí wọ́n fà sí mi lára tí ò jẹ́ kí n dìde, ọkùnrin yẹn ì bá mọ̀ pé Agége ni wọ́n bí mi sí!

Nígbà tí ọmọ mi wá yẹ̀ mí wò, mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti wú kọjá bàtà.

Mo ní, "Títí, jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, níbo?"

Mo wò yíká. Kò sí àga kankan. Èmi tí mò ń ta àga fún gbogbo ayé, mo sọ ọmọ mi di alága ìdúró!

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Kì í ṣe ayé ló ń lé e, àárẹ̀ ni. Àdúrà wa sì gbà o! A ní kó dúró, ó dúró títí ẹsẹ̀ fi wú. Mo fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Olúwa, ọmọ tí ò jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ gbé, jẹ́ kó ríbi jókòó."

Ó gbọ́! Èmi rèé, ara le koko. Títí ti wà ní kílíníìkì ilé iṣẹ́ kan l'Óregùn báyìí. Wọ́n ń kí i, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́." Àga tèmi ló gbé lọ síbẹ̀. Alága ìdúró ti di alága ìjókòó!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nọ́ọ̀sì nílé, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbàdúrà fún un. Rárá, ẹ má dìde o. Lórí ìjókòó yẹn náà, ẹ bá mi ké halelúyà!