Ọmọ Tí Mò Ń Bú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin Ọ̀rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n tún lè dìde láàárín yín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ẹ mọ ibi tí mo ti wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀ ní Ketu, spíkà máa ń dún débi pé àdúgbò ò lè sùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìjọ ẹ̀yin Ọ̀rẹ́ ló fà mí wá sí pálọ̀ tí ẹ ti ń jọ́sìn yìí ní Ìkòsì. Ẹ ní ká jókòó, ká dúró de Ọlọ́run, ẹni tí Ẹ̀mí bá fún ní ọ̀rọ̀ ni kó dìde. Ní Sunday kan, ọ̀rọ̀ wá sí mi lọ́kàn lóòótọ́. Mo dìde, àṣà àtijọ́ gbé mi, mo pariwo, "Praise the Lord!"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo yín lẹ́nu. Daddy tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ta gìrì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sá lọ, mo bá jókòó.

Ẹ ò bú mi o. Ẹ tiẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí a parí, bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo bú ara mi. "Ọ̀dẹ̀! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Láti orí ọ̀kadà títí dé ilé. Àti kékeré ló sì ti wà lára mi. Aṣọ ni mò ń rán; bí mo bá ṣi aṣọ gé pẹ́nrẹ́n, olóríburúkú ni mí. Bí ọbẹ̀ bá jóná, màá gbá ara mi lórí. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ rò pé Ọlọ́run ló ń bá mi wí. Bí mi ò ṣe wá síbí mọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, Ìyanu ọmọ mi da omi sórí ìwé iléèwé ẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbá ara ẹ̀ lórí. "Ọ̀dẹ̀! Olóríburúkú!" Ohùn mi gẹ́lẹ́. Yéè! Ọmọ tí mi ò bú rí! Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kó jogún èyí." Mi ò rí àdúrà mìíràn gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mummy Ṣàngísà, tí wọ́n jókòó sọ́hùn-ún yẹn, wá wò mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń rán búláòsì lọ́wọ́, mo rí i pé mo ti rán apá ọ̀tún mọ́ òsì. Mo gbàgbé àlejò. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè gbọ́n láéláé!"

Mummy ní, "Ọmọ ta lò ń bú yẹn?"

"Ara mi ni, Mummy. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́. Ṣé ìwọ lo bí ara ẹ ni?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Bí ẹnì kan bá dúró níta báyìí, tó ń bú Ìyanu bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ha! Màá fa aṣọ ya mọ́ ọn lára!"

"Bàbá ọmọ tí ò ń bú yìí náà ń gbọ́ lókè o."

Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹkún ṣe gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, a jókòó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké níta, àwa dákẹ́. Ohùn tó máa ń bú mi yẹn dé, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò dá a lóhùn. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé Ẹlòmíràn wà níbẹ̀, tó mọ̀ mí tinútẹ̀yìn, tí kò sì bínú sí mi. Ẹ máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù. Mo ti gbà á fún gbogbo yín tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà á fún ara mi.

Mi ò ní purọ́, ohùn yẹn ṣì ń wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú, Ìyanu, tí mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ Mummy Ṣàngísà fún, wò mí lójú. "Mummy, ọmọ ta ni?" Mo panu dé. Òun náà kì í gbá orí ara ẹ̀ mọ́. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ẹ bá mi yọ̀ lọ́nà tiyín. Mo fẹ́ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́sí. Praise the Lord. Bí ẹ bá dá mi lóhùn, mo dúpẹ́. Bí ẹ bá sì dákẹ́, màá jókòó jẹ́ẹ́, mi ò ní bú ọmọ ọlọ́mọ.